Orúkọ Òkúta: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Obelisk àti Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ." Òwe yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn nìkan. Odò ní orúkọ, òkè ní orúkọ, òkúta pàápàá ní orúkọ, ẹni tí ó bá sì sọ wọ́n lórúkọ gbọ́dọ̀ ti wo ilé kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, àlejò ni í sọ ohun ìní onílé lórúkọ. Orúkọ tí àlejò sọ lè tàn ká ayé títí yóò fi bo èyí tí onílé sọ mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni obelisk, ọ̀rọ̀ tí a máa ń bá pàdé nínú àwọn ìwé ìtàn tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ. Òkúta gíga tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, tí ó ń tín-ín-rín bí ó ti ń lọ sókè títí yóò fi ṣe ṣóńṣó, ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà pè. Òun náà ni wọ́n fi ń pe Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀.

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama léèrè pé kí ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé obelisk ni. Bí a bá tún bi í pé kí ni obelisk, yóò ní òkúta àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ni. Kò ní pẹ́ tí ẹlòmíràn nínú kíláàsì yóò fi dìde pé, "Ṣé ẹ wá rí i pé láti Íjíbítì ni àwa Yorùbá ti wá?" Gbólóhùn mẹ́ta péré ni wọ́n fi gbé ìtàn odindi ìran kan kalẹ̀, ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ kò sì ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Nítorí náà, ó tọ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Níbo ni ó ti wá? Kí ni ó túmọ̀ sí lẹ́nu àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́? Ǹjẹ́ ó sì lè ṣe ẹlẹ́rìí nínú ọ̀rọ̀ ìran wa?

Orúkọ tí onílé sọ ọ́

Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ kò mọ ọ̀rọ̀ tí ń jẹ́ obelisk. Tekhen ni wọ́n ń pe òkúta náà. Nínú ìkọ̀wé wọn, tí ó jẹ́ ìkọ̀wé alàwòrán, àwòrán òkúta náà gan-an ni wọ́n máa ń yà ti ọ̀rọ̀ yìí. Orí rẹ̀ tí ó ṣe ṣóńṣó tún ní orúkọ tirẹ̀, èyí tí í ṣe benbenet. Inú benben ni wọ́n ti fa orúkọ yìí yọ, benben sì ni òkúta mímọ́ tí ó wà ní ìlú Iunu, níbi tí wọ́n ti ń bọ Ra, òrìṣà òòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ ìlú yìí: òun ni Ónì, ìlú àlùfáà tí Jósẹ́fù fi ọmọ rẹ̀ ṣe aya nínú Jẹ́nẹ́sísì 41:45. Àwọn Gíríìkì ni wọ́n wá pè é ní Heliopolis, tí ó túmọ̀ sí ìlú òòrùn.

Òkúta kan ṣoṣo tí kò ní oríkèé ni tekhen. Ìhà rẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n gbẹ́ tí ó dán, wọ́n sì kọ orúkọ ọba àti ìyìn òrìṣà sí i lára. Méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń gbé e dúró sí ẹnu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì. Wọ́n a máa fi wúrà bo orí rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ òòrùn owúrọ̀ lè kọ mànà lára rẹ̀. Èyí tí ó pẹ́ jù tí ó ṣì dúró sí ààyè rẹ̀ ni ti ọba Senusret Kìíní, ní àdúgbò Matariya ní ìlú Káírò lónìí. Ó ga tó ogún mítà, ó sì ti tó nǹkan bí 3,900 ọdún tí ó ti wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá ni gbígbẹ́ rẹ̀. Láti Aswan, níhà gúúsù Íjíbítì, ni wọ́n ti ń wa òkúta gíránáìtì pupa. Òkúta mìíràn tí ó le jù ú lọ ni wọ́n fi ń lù ú títí yóò fi yọ kúrò lára àpáta. Hatshepsut, obìnrin tí ó jọba ní nǹkan bí 1479 sí 1458 ṣáájú ìbí Krístì, gbé ọ̀kan dúró ní Karnak tí ó ga tó ọgbọ̀n mítà díẹ̀ ló kù. Ó kọ ọ́ sí i lára pé oṣù méje ni iṣẹ́ náà gbà. Ọ̀kan ṣì wà ní Aswan tí wọn kò gbẹ́ tán. Gígùn rẹ̀ tó mítà 42, ìwọ̀n rẹ̀ ì bá sì súnmọ́ 1,200 tọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ó sán lẹ́nu iṣẹ́, àwọn oníṣẹ́ sì fi í sílẹ̀ níbi tí ó sùn sí. Títí di òní ni a lè rí ojú irinṣẹ́ wọn lára rẹ̀.

Igi ìyan-ẹran àwọn Gíríìkì

Nígbà tí àwọn Gíríìkì dé Íjíbítì, wọ́n rí òkúta yìí, ẹnu yà wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò ní orúkọ fún un. Ohun tí ó jọ ọ́ nínú ilé tiwọn ni wọ́n fi pè é. Obelos lédè wọn ni igi tàbí irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a ń fi gún ẹran kí a tó yan án lórí iná. Ẹni tí ó bá ti rí mọ́là tí ń yan súyà mọ irú nǹkan tí mo ń sọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni Herodotus, òpìtàn ará Gíríìsì tí ó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún ṣáájú ìbí Krístì, lò nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa òkúta méjì tí ọba Íjíbítì kan gbé kalẹ̀ fún òòrùn. Obeliskos ni bí wọ́n ṣe ń pe obelos kékeré, bí ìgbà tí àwa bá fi "ọmọ" ṣíwájú orúkọ nǹkan, tí a ń sọ pé ọmọ odó tàbí ọmọ ọlọ. Òkúta tí ó ga ju ilé alájà mẹ́fà lọ wá di "igi súyà kékeré". Ó jọ pé àwàdà wà nínú orúkọ náà, irú èyí tí àlejò máa ń ṣe nígbà tí ohun tí ó rí bá ju agbára rẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìyì nílé tirẹ̀. Láyé ìgbà kan, àwọn Gíríìkì fi irin obelos ṣe owó, bí àwa náà ṣe fi owó ẹyọ ná ọjà. Láti ibẹ̀ ni owó wọn tí ń jẹ́ obolos ti gba orúkọ. Mẹ́fà nínú rẹ̀ ni í jẹ́ drachma kan, drachma sì túmọ̀ sí ẹ̀kúnwọ́, nítorí pé irin mẹ́fà ni ọwọ́ ènìyàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí tún wọ inú iṣẹ́ àwa olùkọ́. Ní ilé ìkówèésí Alẹkisáńdíríà, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Krístì, Zenodotus máa ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó bá ń fura sí nínú ewì Homer. Obelos ni orúkọ ìlà náà, bí ẹni pé ó fi igi gún ọ̀rọ̀ tí kò dá a lójú.

Àwọn ará Róòmù gba obeliskos lọ́wọ́ Gíríìkì, wọ́n sọ ọ́ di obeliscus. Àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lẹ́yìn wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé inú ìwé tí à ń kà lónìí nìyẹn. Kò sí ìyá tàbí baba rẹ̀ kankan ní Íjíbítì.

Abẹ́rẹ́ ńlá

Nígbà tí àwọn Lárúbáwá jọba ní Íjíbítì láti ọgọ́rùn-ún ọdún keje lẹ́yìn ìbí Krístì, àwọn náà wo òkúta yìí, wọ́n sì fi irinṣẹ́ ilé tiwọn pè é. Misalla ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe abẹ́rẹ́ ńlá irú èyí tí a fi ń rán àpò. Orúkọ abẹ́rẹ́ yìí ni àwọn òyìnbó náà gbà tí wọ́n fi ń pe méjì nínú àwọn òkúta náà ní "Abẹ́rẹ́ Cleopatra". Ọ̀kan wà ní etí odò Thames ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti ọdún 1878, èkejì sì wà ní Niu Yọ́ọ̀kì láti ọdún 1881. Òkúta yìí kì í ṣe abẹ́rẹ́, kì í sì í ṣe ti Cleopatra. Ọba Thutmose Kẹta ni ó gbé wọn dúró ní Heliopolis, ní èyí tí ó ju 1,300 ọdún lọ kí a tó bí Cleopatra. Lẹ́yìn ikú obìnrin náà ni àwọn ará Róòmù kó wọn lọ sí Alẹkisáńdíríà. Orúkọ tí kò tọ́ lè lẹ̀ mọ́ nǹkan bí àtè.

Òkúta tí wọ́n kó lọ

Ẹni tí ó bá lágbára láti sọ ohun onílé lórúkọ kì í pẹ́ kó o lọ. Òkúta tekhen tí ó ga jù lọ nínú gbogbo èyí tí ó ṣì dúró kò sí ní Íjíbítì mọ́. Ìlú Róòmù ni ó wà, ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Laterano, ó sì ga tó mítà 32. Ọdún 357 ni ọba Constantius Kejì gbé e dé ibẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó wó, Póòpù Sixtus Karùn-ún sì tún un gbé dúró ní ọdún 1588. Ní ọdún 1836, àwọn Faransé gbé ọ̀kan tí wọ́n mú kúrò ní ẹnu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì Luxor dúró ní Páríìsì. Èkejì rẹ̀ ṣì dá dúró ní Luxor títí di òní bí ìbejì tí èkejì rẹ̀ lọ sí ìrìn àjò tí kò sì padà.

Ọ̀rọ̀ Etiópíà tún jọ tiwa ju ti Íjíbítì lọ. Ní ìlú Aksum, àwọn ọba àtijọ́ gbé àwọn òkúta gíga kalẹ̀ sí ojú ibojì. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé sí i lára bí ilé alájà púpọ̀, orí rẹ̀ sì rí roboto, kò ṣe ṣóńṣó. Hawelti ni wọ́n ń pe irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní èdè Tigrinya. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba Ítálì kó ọ̀kan tí ó ga tó mítà 24 lọ sí Róòmù ní ọdún 1937, obelisk ni gbogbo ayé ń pè é. Nínú àdéhùn àlàáfíà ọdún 1947, Ítálì gbà láti dá a padà, ṣùgbọ́n ọdún 2005 ni ó tó padà sílé. Ọdún 2008 ni wọ́n tún un gbé dúró ní Aksum. Òkúta ti padà sílé, ṣùgbọ́n orúkọ àlejò ṣì wà lára rẹ̀.

Òpó, ọwọ̀n àti ọ̀pá

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó dúró ṣánṣán. Mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù, wọn kò sì túmọ̀ sí ohun kan náà.

Òpó ni ohun tí ó gbé nǹkan ró. Òpó ilé ni í gbé òrùlé dúró, bí a bá yọ ọ́, ilé yóò wó. Irú rẹ̀ ni àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàrin ọdún 1910 sí 1914. Àwòrán ọba àti olorì wà lára wọn, síbẹ̀ ipò òpó ni wọ́n wà. Ìdí nìyí tí a fi máa ń pe ẹni tí ẹbí gbára lé ní òpó ilé.

Ọwọ̀n súnmọ́ òpó, ṣùgbọ́n ohun ńlá, tí ó wúwo, tí ó dúró gbọn-in ni a sábà máa ń lò ó fún. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá lò ó dáadáa: ọwọ̀n iyọ̀ ni aya Lọ́ọ̀tì dà.

Ọ̀pá yàtọ̀ sí méjèèjì. Ọ̀pá kò gbé òrùlé ró. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ti wá. Darandaran ní ọ̀pá, arúgbó ní ọ̀pá, ọba ní ọ̀pá àṣẹ, babaláwo ní ọ̀pá osùn tí kì í dùbúlẹ̀ bí kò ṣe ọjọ́ tí olúwa rẹ̀ bá kú. Kò sí ọ̀pá tí kò ní olówó. Láyé àtijọ́, bí ọba bá fẹ́ rán ìránṣẹ́ sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò lè lọ, yóò fi ọ̀pá rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá rí ọ̀pá náà mọ̀ pé ọba ni ó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pá a máa dúró fún olúwa rẹ̀ níbi tí olúwa rẹ̀ kò sí.

Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn

Pẹ̀lú òye yìí, ẹ tún orúkọ náà gbọ́: Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Àwọn baba wa kò pè é ní òpó, nítorí kò gbé nǹkan kan ró. Wọn kò pè é ní ọwọ̀n. Ọ̀pá ni wọ́n pè é, wọ́n sì so orúkọ ẹni tí ó ni ín mọ́ ọn.

Òkúta gíránáìtì ni, ó ga tó mítà márùn-ún àbọ̀, ó sì ń tín-ín-rín lọ sókè. Wọ́n kan ìṣó irin mọ́ ọn lára, wọ́n sì tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí àmúga. Leo Frobenius, ará Jámánì tí ó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1910, wà lára àwọn àlejò tí ó kọ nípa rẹ̀.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọmọ Odùduwà ni Ọ̀rànmíyàn, akíkanjú jagunjagun tí ó tẹ Ọ̀yọ́ dó, tí ọmọ rẹ̀ Ẹwẹ́ká sì jọba ní Ìbíní. Nígbà tí ó darúgbó, ó padà sí Ifẹ̀. Ó wọ ilẹ̀ lọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí àwọn ènìyàn lè fi pè é bí ogun bá dé. Ní ọjọ́ ọdún kan, àwọn tí ọtí ń pa fi eré pè é. Ó jáde, ó rò pé ọ̀tá ni ó yí òun ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ tí ó rí ohun tí ó ṣe, ó gún ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì búra pé òun kò ní jà mọ́. Ọ̀pá náà di òkúta. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ìtàn yìí pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ fẹnu kò sí ibì kan: òkúta yìí dúró fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ọ̀pá gan-an nìyẹn.

Ìṣó irin ara rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Kò sí irú rẹ̀ lára tekhen. Ṣùgbọ́n ní Ifẹ̀ kan náà, irú ìṣó bẹ́ẹ̀ wà lórí ère òkúta tí a ń pè ní Ìdènà, níbi tí wọ́n fi wọ́n ṣe irun orí. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni, ìlú alágbẹ̀dẹ sì ni Ifẹ̀. Ìtàn tilẹ̀ so Ọ̀rànmíyàn mọ́ Ògún, wọ́n ní òun àti Odùduwà ni wọ́n jọ bí i, tí apá kan ara rẹ̀ fi dúdú tí apá kejì sì pupa.

Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ lè ṣe ẹlẹ́rìí?

Nínú ìwé Samuel Johnson, The History of the Yorubas, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, obelisk ni òǹkọ̀wé náà pe Ọ̀pá yìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kọ̀wé, ọ̀rọ̀ tí ó sì súnmọ́ jù ní èdè náà nìyẹn. Johnson kan náà gbàgbọ́ pé òkè Íjíbítì tàbí Núbíà ni Yorùbá ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1948, J. Olumide Lucas gbé ìwé jáde lórí ẹ̀sìn Yorùbá, ó sì fa ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa tì sí Íjíbítì. Láti ìgbà náà ni obelisk inú ìwé ti di ẹ̀rí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ti rí. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni obelisk. Ó túmọ̀ sí igi ìyan-ẹran. Kò sí lẹ́nu ará Íjíbítì tí ó gbẹ́ tekhen, kò sì sí lẹ́nu ará Ifẹ̀ tí ó gbé Ọ̀pá dúró. Bí ẹnì kẹta bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe ọmọ ilé méjì, ìyẹn kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Bí a bá sì gbé orúkọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí a wo òkúta méjèèjì fúnra wọn, ìyàtọ̀ wọn hàn. Òòrùn ni wọ́n gbé tekhen kalẹ̀ fún, ènìyàn kan ni Ọ̀pá dúró fún. Méjì-méjì ni tekhen máa ń wà, Ọ̀pá dá dúró ni. Orí tekhen ní igun mẹ́rin, ara rẹ̀ kún fún ìkọ̀wé alàwòrán. Ìṣó irin ni ó wà lára Ọ̀pá. Ẹni tí ó bá fẹ́ so Ifẹ̀ mọ́ Íjíbítì, kí ó wá ẹ̀rí lọ sí inú ilẹ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń wà, tàbí inú èdè fúnra rẹ̀. Kí ó má ṣe wá a lọ sí inú ọ̀rọ̀ tí àlejò yá wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí èyí ń béèrè lọ́wọ́ wa kò le. Bí a bá ń kọ́ ọmọ nípa Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìtumọ̀ ọ̀pá, kí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin òpó, ọwọ̀n àti ọ̀pá, kí a tó sọ fún un ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá sì ní láti túmọ̀ obelisk àwọn ará Íjíbítì sí Yorùbá, òkúta ṣóńṣó kò burú, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ̀n ṣóńṣó náà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀ fún òkúta tí ó bá ní olówó. Èyí tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ní olówó, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kí àlejò kankan tó mú ìwé àti kálàmù dé ibẹ̀.